Àlọ wà, àbọ̀ ò sí: bí mo ṣe so nẹ́tíwọ̀kì Amazon mọ́ ti Google

Àwọn ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù mélòó kan ní Ìbàdàn ló gbé àkọsílẹ̀ owó wọn lé wa lọ́wọ́. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, iye tó dá, iye tó yá, gbogbo rẹ̀ wà nínú database kan lórí cloud Amazon (kọ̀ǹpútà tí à ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ní Cape Town. Ṣùgbọ́n orí ti Google, ní Johannesburg, la ti ń ṣe ìṣirò òpin oṣù. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibi iṣẹ́ yìí, gbangba íntánẹ́ẹ̀tì ni database náà ń gbà bá Google sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni láyé lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Owó ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà wà níbẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní Sátidé kan, kí n la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ibi méjèèjì."

Wọ́n ní, "Ṣé kò ní dí iṣẹ́ Mọ́ńdè lọ́wọ́?"

Mo ní, "Rárá sà."

Ẹni tí data rẹ̀ pọ̀ lè ra wáyà tirẹ̀ gan-an: Direct Connect wà ní Amazon, Interconnect wà ní Google. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba inú íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo mú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ló ṣì ń gbà kọjá, àmọ́ IPsec, ìlànà tó ń sọ data di àṣírí, ti dì í pa. Ẹni tó bá gbá a mú lọ́nà ò lè rí inú rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan VPN, mo rí i pé ọ̀wọ́ àdírẹ́sì kan náà, 10.10.0.0/16, la ń lò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti wá ilé rí ní àwọn àdúgbò àtijọ́ Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi SW tàbí NE bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ilé, á mọ ohun tí nọ́ńbà kan náà lára ilé méjì lè dá sílẹ̀. Sáfà (server) méjì péré ló wà ní Google, nítorí náà mo gbé wọn lọ sí 10.20.0.0/16. Ẹ má fo ibí yìí o. Bí sáfà bá ti pọ̀, wàhálà ńlá ni.

Ní Google mo ṣí HA VPN gateway (ẹnu ọ̀nà VPN), ó fún mi ní àdírẹ́sì gbangba méjì. Mo fi Cloud Router, tó ń bójú tó ọ̀nà data, kún un, mo fún un ní ASN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ nẹ́tíwọ̀kì) 65001. Ní Amazon, mo fi àdírẹ́sì méjèèjì ṣe customer gateway méjì (àkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti Google), mo so virtual private gateway, ẹnu ọ̀nà ti Amazon (ASN 64512), mọ́ VPC, nẹ́tíwọ̀kì ìkọ̀kọ̀ wa níbẹ̀, mo sì dá VPN connection méjì sílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tunnel (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀) méjì nínú, ó di mẹ́rin. Mo padà sí Google láti tẹ kọ́kọ́rọ́ àṣírí tunnel kọ̀ọ̀kan àti àwọn àdírẹ́sì 169.254 tí BGP, ìlànà tí ẹnu ọ̀nà méjèèjì fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, ń lò. Ọ̀kan ò kọ́kọ́ dìde, nítorí mo da àlàfo kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà tí mo ń dà á kọ.

Tunnel mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. BGP ní òun ti bá ẹnìkejì òun pàdé. Inú mi dùn, mo ta ping (ìránṣẹ́ kékeré tó ń béèrè èsì) láti Google sí sáfà kan ní Amazon. Kò dáhùn.

Mo tún firewall, ẹ̀ṣọ́ ti Google, yẹ̀ wò, mo tún security group, ẹ̀ṣọ́ ti Amazon, yẹ̀ wò: mo ti ṣí méjèèjì. Ó tó wákàtí kan kí n tó rántí tcpdump, irinṣẹ́ tó ń fi data tó ń wọlé tó ń jáde hàn. Mo ṣí i lórí sáfà Amazon, ni mo bá rí i: "echo request" ń wọlé, "echo reply" ń jáde, ṣùgbọ́n èsì ò dé Google. Ìránṣẹ́ ti jíṣẹ́, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Gateway Amazon mọ 10.20.0.0/16 dáadáa nípasẹ̀ BGP, àmọ́ route table (àkọsílẹ̀ ọ̀nà) tí sáfà ń tẹ̀ lé ò mọ̀ ọ́n, torí n kò tan route propagation, èyí tó ń kọ ọ̀nà tí gateway mọ̀ sínú rẹ̀. Mo tan án. Ping tí mo fi sílẹ̀ látàárọ̀ bá sọ̀rọ̀ lójijì:

64 bytes from 10.10.1.15: icmp_seq=3412

Mo pariwo nínú yàrá. Àbúrò tó ń bá wa ṣiṣẹ́ sáré wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" Mo na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

Route table kọ̀ọ̀kan ló ní propagation tirẹ̀. Ti database dá yàtọ̀ sí ti sáfà, mo tún ní láti tan òun náà kí port 5432, ilẹ̀kùn database náà, tó dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo pa BGP ọ̀kan nínú àwọn tunnel náà kí n wò ó: ping díẹ̀ sọnù, èyí tó kù gbà á lọ.

Lálẹ́ Sọ́ńdè, mo gba àdírẹ́sì gbangba kúrò lọ́wọ́ database. Mo fi fóònù mi gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ láti ilé. Ó yí, ó yí, ó kọ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìṣirò jáde lásìkò rẹ̀.