Ọjọ́ tí wọ́n ti kámẹ́rà gba ẹnu wo inú mi

Ọdún mẹ́ta ni òkè inú fi ń ta mí bí ìgbà tí ata kan egbò. Ọlísà ni gbogbo ayé pè é. Mo ra omeprazole ní kẹ́míìsì, mo mu àgbo, mo yé jẹ ẹ̀wà. A kàn ń méfò ni. Nígbà tó di pé ó ń jí mi lóru, dókítà kan ní Ìbàdàn ní àfi kí wọ́n fojú rí i. Endoscopy ni wọ́n ń pè é.

Ó ní kí n dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, torí ó lè bo kòkòrò tó máa ń fa ọlísà, tí wọ́n ń wá, mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn le ju àyẹ̀wò gan-an lọ. Láti aago 8 alẹ́ tó ṣáájú ni n kò ti jẹun mọ́.

Nọ́ọ̀sì fín oògùn sí mi lọ́fun. Ibẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé. N kò gba abẹ́rẹ́ oorun. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fi ike oníhò há mi lẹ́nu kí n má baà gé okùn kámẹ́rà náà jẹ. Kò nípọn ju ọmọńdinrín mi lọ.

“Ẹ gbé e mì, mà, bí òkèlè.”

Ibẹ̀ nìkan ló nira. Èébì gbé mi lẹ́ẹ̀mejì, omijé bọ́. Nọ́ọ̀sì di èjìká mi mú: “Imú ni kí ẹ máa fi mí, mà. Ẹ jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jáde, ẹ má gbé e mì.” Bí mo ṣe gbájú mọ́ imú mi báyìí, ara mi rọ̀. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí: bí ẹ bá máa lọ, ẹ ti ilé fi í kọ́ra.

Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ikùn kó lè ṣí, mo sì ń gùfẹ̀ ṣáá. Lójú ẹ̀rọ, inú mi pupa, ó ń dán, ó ká jọ bí ìṣẹ́po gèlè. Níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀, dókítà dúró: egbò kékeré kan, àárín rẹ̀ funfun. Wọ́n já ẹran bíńtín lára ikùn mi, n kò mọ̀ ọ́n lára. Kò tó ìṣẹ́jú 10.

Èsì jáde: Helicobacter pylori, kòkòrò tí Barry Marshall àti Robin Warren, ará Ọsirélíà, torí rẹ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn ọjọ́ 14 ni wọ́n fún mi, mo lò ó pé. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò lẹ́yìn náà, wọn kò rí i mọ́. Mo se ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ náà.