Bí ẹ ṣe lè to sẹ́ẹ̀lì síńkì àti kọ́pà, kí ẹ sì mọ ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá

Àwọn tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì máa ń fẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ fọ́múlà sójú pátákó. Èmi kì í gbà. Ẹ kọ́kọ́ ti síńkì pẹlẹbẹ kan bọ inú omi kọ́pà sọ́fétì, kí ẹ sì máa wò ó. Kò ní pẹ́ tí nǹkan pupa rúsúrúsú á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ síńkì yẹn lára, tí àwọ̀ búlúù omi náà á sì máa ṣí. Kọ́pà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Átọ́ọ̀mù síńkì kọ̀ọ̀kan ń fún áyọ́ọ̀nù kọ́pà (átọ́ọ̀mù kọ́pà tó ní iná lára, tó wà nínú omi náà) ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn àwọn bíńtín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná, lọ́wọ́ sí ọwọ́, nítorí náà ooru lásán la rí, a ò rí iná lò.

Ọgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì (ohun tó ń fi kẹ́míkà pèsè iná, bíi bátìrì) kò ju pé ká ya ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà sọ́tọ̀ lọ, kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù má rí ọ̀nà mìíràn gbà àfi wáyà. Ohun tí John Frederic Daniell, onímọ̀ kẹ́mísírì, ṣe ní 1836 nìyẹn.

Ẹ wá ife gíláàsì méjì. Ẹ da síńkì sọ́fétì sí ọ̀kan, kí síńkì tuntun dúró sínú rẹ̀. Kọ́pà àti kọ́pà sọ́fétì á wà nínú èkejì. Ẹ ti fi sáńpépà ha irin méjèèjì kí wọ́n dán. Ẹ so wáyà láti ara síńkì àti kọ́pà mọ́ mítà tó ń ka fólítì. Iná ò tíì lè rìn.

Ẹ wá gé bébà tí a fi ń sẹ́ omi, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi potassium nitrate, kí orí rẹ̀ kan wọ ife kan, kí ìdí rẹ̀ wọ èkejì. Afárá iyọ̀ nìyẹn. Bí kẹ́míkà méjèèjì bá jẹ́ 1 mol/dm³ (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú omi), ní 25°C, mítà á ka nǹkan bíi 1.10 V: 0.34 V tó jẹ́ ìwọ̀n bí kọ́pà ṣe ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó, ẹ yọ −0.76 V ti síńkì kúrò níbẹ̀. Bó bá ka òdì, ẹ ti gbé wáyà síra wọn ni; ẹ kàn pààrọ̀ wọn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù ni afárá yìí. Wọ́n á ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gba orí rẹ̀ kọjá. Rárá o! Bí síńkì ṣe ń yòrò, áyọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù ń pọ̀ jù nínú ife rẹ̀; ní ife kejì, kọ́pà ń kúrò nínú omi, sọ́fétì ń ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi. Nitrate ló ń sáré lọ bá síńkì, potassium ń lọ sọ́dọ̀ kọ́pà, kí ìhà méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ yọ bébà yẹn kẹ́ ẹ rí i: iná á dá lójú ẹsẹ̀. (Bó bá jẹ́ sílífà àti silver nitrate lẹ lò dípò kọ́pà, ẹ má fi potassium chloride ṣe afárá, nǹkan funfun á dì síbẹ̀.)

Síńkì ni ánóòdù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nẹ́gẹ́tíìfù ló jẹ́ níbí, àmọ́ ẹ má fi àmì nẹ́gẹ́tíìfù há a sórí o: bó bá di ẹlẹ́kítírólísíìsì (ìgbà tá a bá fi iná láti ìta ya kẹ́míkà), ánóòdù á di pọ́sítíìfù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà.

Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ yọ afárá kí kọ́pà má baà yọ́ wọ ọ̀dọ̀ síńkì, ẹ fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ má sì da kọ́pà sọ́fétì sínú gọ́tà.