Bí a ṣe ń yan software ẹ́díìtì fídíò fún kíláàsì fíìmù

Ẹ má tíì dárúkọ software kankan. Ẹ kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ wá èyí tó lọ́ra jù níbẹ̀, kí ẹ kọ RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́), káàdì gíráfíìsì rẹ̀ (èyí tó ń ṣe àwòrán) àti àyè tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló máa yan software fún yín, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù olùkọ́.

Bí RAM rẹ̀ bá tó 16GB, tí káàdì gíráfíìsì gidi sì wà nínú rẹ̀, DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ ni kí ẹ mú. Gígé, àwọ̀ àti ohùn wà pọ̀ nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ 8GB, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ jìyà: Kdenlive tàbí Shotcut ni, ọ̀fẹ́ làwọn náà. Final Cut Pro kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows. Premiere Pro dára, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san lé e lórí ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ tí owó bá tán ni kíláàsì dúró. Ẹ̀dà ayédèrú tí wọ́n ń fi flash pín kiri? Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń bá a wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń dán software wò ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Fídíò ìṣẹ́jú kan, lórí kọ̀ǹpútà tó dára jù, lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dán an wò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ariwo bẹ̀rẹ̀. Fídíò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà gan-an ni kí ẹ lò, ti fóònù àti ti kámẹ́rà. Ẹ to ìṣẹ́jú mẹ́wàá jọ: fídíò méjì lórí ara wọn, orin, àti àkọlé Yorùbá nísàlẹ̀. Kí ẹ wá gbé e jáde dé òpin lórí kọ̀ǹpútà tó lọ́ra yẹn.

Bí àwòrán bá ń ta gìrì, ẹ má tíì bú software. H.265 ló sábà máa ń fà á, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè; ó le fún kọ̀ǹpútà láti tú. Ẹ ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́: nínú Resolve, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ fídíò náà nínú Media Pool, kí ẹ yan Generate Proxy Media. Bí ohùn bá ń fi ètè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fóònù ló sábà máa ń fa èyí, torí iye frame rẹ̀ (iye àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kì í dúró sójú kan. HandBrake, ọ̀fẹ́ ni, ló ń wò ó sàn: ẹ yan Constant Framerate, kí ẹ tó gbé e wọ software rárá. Ẹ tún yan iye frame iṣẹ́ náà nínú Resolve kí fídíò kankan tó wọlé. Lẹ́yìn náà, kò ní gbà kí ẹ yí i mọ́.

Ẹ wo àkọlé náà dáadáa. «Ọ̀» kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Àmì ohùn ni wọ́n fi lé «ọ» lórí, fọ́ǹtì tí kò dára á sì gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Noto Sans ni kí gbogbo kíláàsì máa lò.

Ẹ ṣírò àyè pẹ̀lú. Fídíò 100 Mbps (mégábíìtì ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń jẹ 750MB ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan sì jẹ́ 45GB. Díìsìkì àfikún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wúlò ju kọ̀ǹpútà tuntun kan lọ.

Níkẹyìn, ẹ̀dà software kan náà ni kó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, títí sáà á fi parí. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nínú ẹ̀dà tuntun nílé kò ní ṣí nínú ti àtijọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ẹ tan Project Backups nínú Resolve, tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí iná tó lè lọ. Kí wọ́n sì mọ̀ pé Resolve kì í tọ́jú iṣẹ́ sínú fóldà fídíò: ẹni tó kó fóldà lọ láìgbé .drp (fáìlì iṣẹ́ Resolve) jáde kò mú iṣẹ́ kankan lọ.