Láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta dé orí Olúmọ: àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan

Ẹni tó bá fẹ́ gun Olúmọ kó sì padà wá sùn l'Ékòó, òwúrọ̀ kùtù ni kó gbéra. Kì í ṣe òkè ló ń ba ìrìn yìí jẹ́ fún èèyàn. Oòrùn ọ̀sán ni, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sàǹgó nírọ̀lẹ́. Òkè ni ká kọ́kọ́ gùn, kí ọjà àti oúnjẹ tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ ojú irin ló rọ ará Yábàá, Súrùlérè àti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́rùn jù. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ló ti ń gbéra, á gba Agége àti Agbádó, á já yín sí ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Ladérin, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Wákàtí ọkọ̀ a máa yí padà, nítorí náà ẹ tún un wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ladérin kò sí láàárín ìlú o. Ẹ ṣì máa wọ tasí dé Olúmọ. Ẹ ná an kí ẹ tó jókòó.

Ojú títì ńkọ́? Ará Agége àti Ìyànà-Ìpájà sábà máa ń gba Sàǹgó, Ifọ̀ àti Papalantó. Ọ̀nà yẹn kò jìn, àmọ́ kòtò àti ọkọ̀ ńlá pọ̀ níbẹ̀. Ará Kétu àti Ọ̀jọ́ta lè gba márosẹ̀ Ìbàdàn, kí wọ́n yà ní Ṣàgámù, kí wọ́n gba Síun àti Kọ́bápẹ́ wọ Kútọ̀. Ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ òun la máa yàn. Ẹ kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án ó yẹ kí ẹ ti wà lẹ́sẹ̀ òkè.

Bàtà ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ: kànfáàsì tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ kò tíì jẹ tán. Sílípáàsì kò dára rárá. Omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fìlà, àti owó wẹ́wẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ gbẹ àpáta náà díẹ̀ kí ẹ tó gùn ún. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ìlú, ẹ ò ní rí òkèèrè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní afinimọ̀nà, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó kámẹ́rà yàtọ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ṣùgbọ́n iná ló ń lò, ẹ má gbójú lé e. Àtẹ̀gùn wà, ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àpáta náà sì wà. Ẹ gba ọ̀nà àtijọ́ gòkè, kí ẹ gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀: ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹsẹ̀ sábà máa ń yọ̀, torí ara gbogbo ti tẹ̀ síwájú. Níbi tí àpáta méjì ti fún mọ́ra, ẹ gbé báàgì ẹ̀yìn wá sí àyà. Nínú ihò, ẹ tẹrí ba títí ẹ ó fi jáde. Orí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbá òrùlé rẹ̀.

Ihò yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé síbẹ̀ ní 1830. Ẹ ó rí kòtò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára àpáta. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ẹ kí àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Mítà 137 ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ tó fún gígùn, ìsinmi àti sísọ̀. Lókè, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, síhà odò Ògùn. Ìhà yẹn ni ogun Dàhọ̀mì gbà wá ní oṣù kẹta 1851, tọkùnrin tobìnrin wọn, tí wọ́n kọlu odi ìlú ní Arò. Wọ́n tún wá ní 1864. Wọn ò wọlé nígbà méjèèjì. Ẹ má retí odi gogoro lónìí. Páànù tó ti dípẹtà lẹ máa rí lọ súà, ó sì lẹ́wà.

Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, ló kàn. Ẹ yí aṣọ tí ẹ fẹ́ rà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ná an. Àdìrẹ tí wọ́n rẹ sínú aró, aró a mu ú délẹ̀. Ẹ̀yìn ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ a máa funfun. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ lè dúdú ju iwájú lọ, torí ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ kùn. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún: bí aró bá jáde díẹ̀, kò burú, bó bá jáde púpọ̀, wọn ò fọ̀ ọ́ tó. Ọ̀pá márùn-ún ni wọ́n sábà ń tà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ẹ jẹ láfún àti ewédú, oúnjẹ Ẹ̀gbá gan-an. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ yà wo ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Aké. Aago mẹ́ta, ẹ kọrí sí ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti lọ, Kútọ̀ ni kí ẹ lọ wọ mọ́tò, kì í ṣe èyí tó máa gba Sàǹgó, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín nínú gósílóò.