Ìrírí mi ní Rosário dos Pretos, ṣọ́ọ̀ṣì táwọn ẹrú fọwọ́ ara wọn kọ́ ní Salvador

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtilọ sí Bràsíl, tẹ́ ẹ bá dé Salvador ní Bahia, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Tuesday ni kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora do Rosário dos Pretos, ìyẹn Ìyá Wa ti Rosary ti àwọn èèyàn dúdú. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ túrísìtì máa ń yà síbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò iwájú ilé náà tó jẹ́ búlúù, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbójú wòkè, wọ́n á jáde, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Èmi náà wò ó lọ́sàn-án o, màá sọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ni mo tó mọ ibi tí mo wà gan-an.

Inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, l'Ékòó, torí náà ọ̀rọ̀ Bahia ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Àwọn èèyàn wa tó ti ibẹ̀ padà wálé ló mú ìjọ yìí wọ Èkó, kí fadá kankan tó wá máa gbé ìlú náà, Pa Antonio tóun náà ti ṣẹrú rí ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ tó ń bá wọn gbàdúrà. Mo wá ń rò ó pé, àwọn tí kò ráyè padà ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti ń jọ́sìn? Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀ kò le rárá. Orí òkè ni Salvador àtijọ́ wà, èbúté wà nísàlẹ̀, kíní kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, láti 1873 ló ti ń ṣiṣẹ́, gíga rẹ̀ tó mítà 72, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ti jáde lókè, ẹ rìn gba gbàgede tí wọ́n ń pè ní Terreiro de Jesus kọjá, ẹ máa bá ọ̀nà lọ títí ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀, Largo do Pelourinho lẹ dé yẹn. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ jákèjádò, kò sì tẹ́jú, ẹ wọ bàtà tí ò ní í yọ̀ o. Ọ̀pọ̀ yín ti rí ibẹ̀ rí láìmọ̀, torí ibẹ̀ wà lára ibi tí Michael Jackson ti ya fídíò pẹ̀lú àwọn onílù Olodum ní 1996.

Orúkọ àdúgbò yẹn ò dùn ún gbọ́ tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti wá. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ láti nà án ní gbangba ni pelourinho. Lójú ibẹ̀ yẹn gan-an, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí dúró sí. Mo dúró síwájú ẹ̀, mi ò lè ya fọ́tò kankan fúngbà díẹ̀.

Ìtàn ibẹ̀ rèé, mo ti kà á kí n tó lọ, gáìdì tó mú wa yíká náà sì tún un sọ. Ọdún 1685 làwọn èèyàn dúdú ìlú náà, ẹrú àtàwọn tó ti ra ara wọn padà, dá ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rosary sílẹ̀. Nígbà yẹn wọn ò ní ilé tiwọn. Nígbà tó di 1704 ni ọba Potogí fún wọn nílẹ̀ síbí yìí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ sì rò ó wò o, ẹni tó ń kọ́lé yìí, ara ẹ̀ gan-an kì í ṣe tiẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá ló ń ṣe, ìgbà tí ọ̀gá bá tó yọ̀ǹda ẹ̀, lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ ìsinmi, ló tó lè wá gbé òkúta fún Ọlọ́run. Ohun tó fi gbà wọ́n tó nǹkan bí 100 ọdún nìyẹn. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ò rí ilé gogoro méjèèjì tó wà lókè, ọmọ ẹ̀ náà lè má rí i. Wọ́n sì ń kọ́ ọ náà ni.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan níbí, torí àwa Yorùbá, tá a bá ti gbọ́ Bahia a máa ń rò pé tiwa ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ará Angola ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú àwọn dúdú tí wọ́n bí sí Bràsíl níbẹ̀. Àwọn èèyàn tiwa, tí wọ́n ń pè ní Nagô lọ́hùn-ún, ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń dàrú tí ogun gba ilẹ̀ wa kan ni wọ́n kó wọn débẹ̀ rẹpẹtẹ, ìyẹn láti apá ìparí àwọn ọdún 1700 lọ sí àwọn ọdún 1800, ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti dúró kí ọ̀pọ̀ wọn tó dé. Kí a fún àwọn ará Angola ní ẹ̀tọ́ wọn. Ìyẹn náà ò sọ ibẹ̀ di ilé àjèjì fún wa, kò pẹ́ tí mo fi rí i.

Lọ́sàn-án tí mo kọ́kọ́ wọlé, wọ́n gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fún wọn tayọ̀tayọ̀ torí ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí dòní, àwọn ló ń bójú tó ilé náà. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi lójú ni àwọn ẹni mímọ́ tó wà lórí àwọn pẹpẹ ẹ̀gbẹ́. Dúdú ni wọ́n! Benedict mímọ́ rèé, ọmọ àwọn ẹrú Áfíríkà tí wọ́n bí sí Sicily. Antônio de Categeró rèé, ọmọ Áfíríkà tóun náà ṣẹrú ní Sicily. Efigênia mímọ́ náà wà níbẹ̀, ará Ethiopia lòun. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, àwọn ère tá a bá níbẹ̀, funfun báláú ni gbogbo wọn, imú gígùn, irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a sì ń kúnlẹ̀ síwájú wọn láìbéèrè nǹkan kan. Níbí, láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn lọ́jà nísàlẹ̀ òkè, ẹrú ń wọlé, ó ń rí ojú tó jọ tiẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo jókòó síwájú Benedict mímọ́ pẹ́ gan-an, gáìdì ti bá àwọn yòókù lọ.

Ẹ rí i pé ẹ dé ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ẹrú àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Ìsìnkú yìí gan-an wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá irú ẹgbẹ́ báyìí sílẹ̀, torí ẹrú tó bá kú tí ò lẹ́nì kan, wọ́n lè gbé òkú ẹ̀ jù síbi tó wù wọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ ní tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n á gbàdúrà lé òun lórí, wọ́n á tẹ̀ lé òun dé sàréè, wọ́n á sin òun bí èèyàn. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn àárín wọn, wọ́n sì ń dáwó ran ẹni tó fẹ́ ra òmìnira lọ́wọ́. Nínú ìlú náà lápapọ̀, àwọn ará Áfíríkà tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní junta, àjọ ni, bí a ṣe ń dá a nílé gẹ́lẹ́, ẹni tó bá kàn á kó o, á fi ra ara ẹ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀gá, á sì máa dá tiẹ̀ lọ títí ó fi máa kárí. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl, torí náà iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yìn yẹn náà ni Anastácia wà. Obìnrin dúdú, tí wọ́n fi irin dí lẹ́nu, tí wọ́n fi irin kọ́ lọ́rùn, ojú ẹ̀ nìkan lẹ rí. Ìjọ ò kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo bá òdòdó níwájú ẹ̀, àbẹ́là tó ti yọ́ dé ìdí, àti ife omi. Ẹni tó gbé omi yẹn síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́.

Láàárín ọ̀sán sí àṣálẹ́, ẹ jẹun. Àkàrà wà lójú pópó, àwọn obìnrin tó ń dín in wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, inú epo pupa ni wọ́n ti ń dín in, ó tóbi ju tilé lọ, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó ilá àti edé gbígbẹ àti vatapá, ọbẹ̀ wọn kan tó ki, sí i, mo jẹ ẹ́, ó dáa, àmọ́ tèmi, mo fẹ́ràn àkàrà lásán ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bínú.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ tètè lọ o, bí agogo mẹ́fà bá lù kẹ́ ẹ tó dé, ìdúró lẹ máa dúró. Aṣọ ò ní wàhálà, ẹ ṣáà wọ èyí tó bò yín, èmi wọ àdìrẹ, ó sì ṣe mí láǹfààní torí òun làwọn èèyàn fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, ó fọwọ́ pa etí aṣọ náà, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Potogí tí mo gbọ́ ò pọ̀ ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn, mo ní Nàìjíríà, mo ní Èkó. Ìyá yìí dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà ara ẹ̀, ó ní Iansã ló ni òun. Ọya nìyẹn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlẹ̀kẹ̀ rosary wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ka èyí tí wọ́n á fojú burúkú wò ó, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀tàn kankan lójú ìyá yẹn, ohun méjèèjì ló gbé àwọn ìyá ńlá ẹ̀ dé ibi tó wà, kò sì ní í ju ìkankan nù nítorí ẹnikẹ́ni.

Bí ìlù ṣe dún báyìí, gbogbo ara mi dìde. Atabaque ni wọ́n ń lù, ìlù gígùn olójú kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, agogo ń bá a lọ. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń kọrin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ pé Potogí ni. Mo bi gáìdì lẹ́yìn náà, ó ní ijexá ni wọ́n ń pe ìlù yẹn. Ìjẹ̀ṣà! Bàbá mi àgbà, ọmọ Iléṣà, ì bá gbọ́ eléyìí.

Ibi ọrẹ ló wá yé mi jù. Wọ́n ti ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n ru apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì lórí, wọn ò rìn, ijó ni wọ́n ń jó bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìjókòó, apẹ̀rẹ̀ ò mì lórí wọn, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀nà tí obìnrin iwájú gbà tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, tó tẹ orúnkún díẹ̀ tó sì fi èjìká dá a lóhùn, mo ti rí i níbi ìdúpẹ́ ìkórè nílé láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pín búrẹ́dì náà fún wa, ìyá ẹ̀gbẹ́ mi sì já tiẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì lé mi lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gba tèmi. Nígbà tó sì kan pé ká kí ara wa ní àlàáfíà, kò sí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nìkan lo máa kí, gbogbo ilé ló dìde, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù sínú àpò tí ìsìn bá ti ń lọ. Àwọn túrísìtì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ń ya fídíò títí dé ibi tí fadá ń gbé Ara Kristi sókè, ó dùn mí gan-an. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà, kì í ṣe eré.

Tó bá jẹ́ December lẹ máa lè lọ, ẹ fojú sí ọjọ́ kẹrin, àjọ̀dún Barbara mímọ́, ẹni tí wọ́n ń fi wé Ọya níbẹ̀. Láti Rosário yìí ni ìwọ́de ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo Pelourinho á pọ́n fún aṣọ pupa nítorí Ọya, èrò á pọ̀, ẹ tètè gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì.

Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ẹsẹ̀ tiwa gan-an, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Barroquinha lọ́jọ́ kejì, ìsàlẹ̀ Praça Castro Alves ló wà, kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ni àwọn obìnrin Nagô ti ṣe ẹgbẹ́ Boa Morte (Ikú Rere) tiwọn, àdúgbò yẹn náà ni wọ́n ní àwọn obìnrin Kétu ti bẹ̀rẹ̀ ilé òrìṣà tó wá di Casa Branca, tó wà ní Engenho Velho títí dòní. Iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1984, wọ́n ti tún un ṣe, ó ti di gbọ̀ngàn àṣà báyìí, wọ́n ń ṣe tíátà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo wo ìta ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọ inú, wọ́n jẹ́ kí èmi wọ̀ ọ́ nígbà tí mo sọ ibi tí mo ti wá.