Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe lórí ímeèlì abuse nínú WHOIS

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba IP (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) lọ́wọ́ AFRINIC, àjọ tó ń pín in ní Áfíríkà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ro nínú mi tipẹ́. Ímeèlì abuse ni èyí tí ẹ ń kọ sínú WHOIS, àkọsílẹ̀ gbangba nípa ẹni tó ni IP, kí àwọn èèyàn lè fẹjọ́ ìwà burúkú tó bá ti IP yín jáde sùn.

1. Ẹ má fi ímeèlì òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá japa ńkọ́? Láti 1997 ni RFC 2142, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kan, ti yan abuse@ fún iṣẹ́ yìí.

2. "abuse [at] iléeṣẹ́ wa [dot] ng". Háà! Ta lẹ̀ ń fi pamọ́ fún? Ta ni kò mọ̀ pé abuse@ lẹ máa lò? Database ò gbà á ní abuse-mailbox, ilà tí ímeèlì abuse yẹ kó wà, ẹ wá sá lọ tẹ̀ ẹ́ sínú remarks, ilà àlàyé lásán. Ẹ̀rọ kì í ka remarks! Bí ẹnì kan bá ń fi IP yín gbá ilẹ̀kùn SSH (ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè) ní sáfà kan ní Jámánì lóru, script ló máa bi WHOIS léèrè, tí yóò wá abuse-mailbox, tí yóò sì fẹjọ́ sùn. Bí kò bá rí i, ẹlòmíì á kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ /24 yín, àdírẹ́sì 256 lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi náà ṣe é rí, mo tún ń yangàn pé mo gbọ́n ju àwọn oníspam lọ. Fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà oníbàárà wa kan, ó ń da spam síta fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò rí ibi ké sí wa. Ìgbà tí báńkì ń dá ímeèlì ọ̀gá mi padà ni mo tó mọ̀ pé a ti wọ blacklist, àkọsílẹ̀ àwọn IP tí wọn ò fẹ́ gba ímeèlì lọ́wọ́ wọn mọ́. Oṣù mẹ́ta la fi háyà /24 mìíràn. Owó gidi ni, ojú mi sì rí màbo lọ́fíìsì.

Ẹ má kọ "mailto:" síwájú ímeèlì náà ní ilà abuse-mailbox.

Àwọn tó ń lo RIPE, ẹgbẹ́ AFRINIC ní Yúróòpù, ńkọ́? Wọ́n á kọ abuse-mailbox sínú role (àkọsílẹ̀ ẹ̀ka tó ń bójú tó iṣẹ́ kan), ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò ní fi ilà abuse-c so ó mọ́ organisation (àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ wọn). Ti AFRINIC, inú irt (àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́) ni kó wà, kí ilà mnt-irt orí inetnum (àkọsílẹ̀ IP yín) sì tọ́ka sí i.

Spam filter náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí àpótí yẹn. Ẹni tó ń fẹjọ́ spam sùn á so spam ọ̀hún mọ́ lẹ́tà rẹ̀, filter yín á sì gbé e mì.

Kẹ́ ẹ tó lọ sùn, ẹ fi Gmail yín kọ̀wé sí i. Ìgbà tí mo ṣe tèmi, ó padà wá: "abues@" ni mo kọ.