Mílíìkì tí iná kò kàn ní Ìlú Ọba: ẹ béèrè oko tó ti wá kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìlú Ọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin aláboyún àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé. Ọ̀rọ̀ mílíìkì ni. Mo mọ̀ pé yóò kéré létí ẹni tó ṣì ń wá ilé àti iṣẹ́ kiri, ṣùgbọ́n àwa náà la ń ta ewu fún ara wa nínú ike, ara mi ò sì gbà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ èyí tó rọrùn. Mílíìkì súpámákẹ́ẹ̀tì kò ní wàhálà. Ìdérí búlúù ni ti olọ́ràá, ìdérí aláwọ̀ ewé ni èyí tí wọ́n ti yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, pupa ni èyí tí ọ̀rá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ máa rí "pasteurised" lára ike rẹ̀: wọ́n ti gbé e kaná dé 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n sì ti tètè mú un tutù. Iná yẹn ló pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Ẹ gbé e sí fìríìjì, ẹ mu ún kí ọjọ́ "use by" tó kọjá. Ó parí.

Èyí tó le ni "raw milk," mílíìkì tí wọ́n fún lára màlúù tí iná kò kàn rí. Òfin rẹ̀ kò rí bákan náà káàkiri. Ní Scotland, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á fún mímu: ti màlúù ti di èèwọ̀ láti 1983, nígbà tó sì di 2006 wọ́n fi ti ewúrẹ́ àti àgùntàn kún un. Ní England, Wales àti Northern Ireland, wọ́n lè tà á, ṣùgbọ́n oko tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni yóò ti wá, tààrà sọ́wọ́ ẹni tó máa mu ún: lẹ́nu ọ̀nà oko, lọ́jà àwọn àgbẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì oko náà, tàbí látinú ọkọ̀ tó ń gbé mílíìkì kiri ojúlé. Ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ tà á, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí náà kò sì yàtọ̀. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìgò rẹ̀ pé wọn kò gbé e kaná, pé ó lè ní kòkòrò tó léwu fún ìlera. Bí àyẹ̀wò bá rí ikọ́ ife nínú agbo màlúù kan, kò sí títa mílíìkì agbo náà láìsè mọ́. Food Standards Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ló ń bẹ àwọn oko wọ̀nyí wò.

Ẹ rí i pé òfin náà dá lórí ohun kan: kí ẹ mọ oko tó ti wá, kí oko náà sì ṣeé bi léèrè. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnì kan á wakọ̀ lọ sí oko, á ra mílíìkì, á dé ilé, á dà á sínú àwọn ike omi òfìfo, á sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp: "Mílíìkì gidi, bíi ti Fúlàní ilé wa. Kò ní kẹ́míkà. Ó dára fún aláboyún." Ìkìlọ̀ ti bá ìgò tó jù nù lọ. Orúkọ oko ò sí, ọjọ́ ò sí, ẹ ò sì mọ̀ bóyá inú búùtù ọkọ̀ ló sùn mọ́jú. Kì í ṣe oko, kì í ṣe àgbẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á fún yín rárá, síbẹ̀ owó tó ń gbà ju ti oko lọ fíìfíì.

Mo mọ tọkọtaya kan tó ra irú rẹ̀. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Wàrà ló ń wù ú jẹ. Obìnrin tó ta mílíìkì náà fún un ń pè é ní "àbúrò mi," ó ní òun fi tọ́ àwọn ọmọ òun ni. Ìyàwó náà fi díẹ̀ ṣe wàrà, ó mu ìyókù ní tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ gbóná, gbogbo oríkèé ń ro ó. Ọkọ ní òtútù ìlú yìí ni, ó fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ibà ni, kó wá oògùn ibà lò. Ìgbà tó fura pé ọmọ inú rẹ̀ kò yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó sáré dé ilé ìwòsàn. Kòkòrò Listeria ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oṣù ọmọ náà kò pé tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ó sì pẹ́ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé e wálé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹni tó tà á ńkọ́? Ó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́, ó kúrò nínú gúrúùpù náà. Kò sí rìsíìtì, kò sí orúkọ oko, àwọn tó fẹ́ tọpa mílíìkì náà kò rí ibi tọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Fìríìjì kì í dá Listeria dúró, inú òtútù náà ló ti ń pọ̀ sí i. Ó lè tó oṣù méjì kó tó farahàn. Lára ìyá, ó lè dà bí ibà lásán, kó sì jẹ́ pé ọmọ inú ló ń jìyà rẹ̀: oyún lè bàjẹ́, ọmọ lè kú sínú. Aláboyún, ẹ má mu ún. Kò sí "mo kàn tọ́ ọ wò" níbẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé, ẹ má fún arúgbó, ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Kòkòrò míì tún wà, E. coli O157, tó ń ti inú ìgbẹ́ màlúù dé orí ọmú rẹ̀. Ó lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Màlúù tó gbé e kì í ṣàìsàn, ara rẹ̀ á máa dán, kò sì sí àgbẹ̀ tó lè fojú rí i.

Mo mọ èsì yín: "Nílé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ti Fúlàní la jẹ dàgbà?" Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà. Obìnrin Fúlàní á gbé mílíìkì kaná, á po omi ewé bọmubọmu mọ́ ọn, á sè é títí yóò fi dì. Iná ti kàn án. Ẹni tó bá ta mílíìkì tútù fún yín tó ní bákan náà ni, irọ́ ló ń pa. Nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan ti Fúlàní, tí wọn kò sè nílé náà ń kó àìsàn ran ènìyàn; ibà la sábà máa ń pè é.

Bí wàrà bá wù yín, mílíìkì olìdérí búlúù tó fún un. Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má lo ti inú páálí tó ń pẹ́ lórí àtẹ, kì í dì dáadáa. Tí ẹ bá ra wàrà inú ike áísìkirìmù lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 28 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ títà ló sì yẹ kó ti ṣe é. Bó bá ń bínú, ẹ máa lọ. Aláboyún gbọ́dọ̀ dín in kó gbóná kárí kó tó jẹ ẹ́. Ẹ má sì di wàrà sínú báàgì láti Ìlọrin. Wọn kò gbà kí ènìyàn kó oúnjẹ oní-mílíìkì wọlé láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ níbẹ̀. Láti 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé e láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà fún mímu ní òmíràn.

Bí ẹ bá ti mu ún tí ara kò sì yá, ẹ má dákẹ́ nítorí ìtìjú. Aláboyún, ẹ pe nọ́ńbà ilé ìgbẹ̀bí tó wà nínú ìwé oyún yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé "raw milk" ni ẹ mu. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, dókítà lè má ronú kàn án. Àwọn yòókù, 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera NHS, ni kí ẹ pè ní England, Scotland àti Wales; ní Northern Ireland, dókítà GP yín ni kí ẹ pè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ẹ má sì fọwọ́ kan Flagyl tàbí Ampiclox tí ẹ kó wá láti ilé. Wọ́n lè mú ọ̀rọ̀ kíndìnrín burú sí i. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá pè láti béèrè ohun tí ẹ jẹ, ẹ má sá fún un. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bá wá, kì í ṣe ti físà. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ẹni tó tà á fún yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Bí mílíìkì náà bá sì ṣẹ́ kù, ẹ má dà á nù: ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ kọ "ẹ má mu" sí i lára, kó wà ní ìsàlẹ̀ fìríìjì títí wọn yóò fi sọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i.